Ta Ló Láṣẹ Láti Dá Ẹ̀rọ Dúró?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a ṣe níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn òṣìṣẹ́

Akọ̀wé yín fún mi ní wákàtí kan kí akápò tó ka ìwé owó. N kò ní lò ó tán, torí mo mọ̀ pé ìwé owó yẹn gan-an lẹ wá gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Pírúùfù ni mo ń kà níbẹ̀. A gba iṣẹ́ ìwé ìṣirò àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀dà 5,000. Oníṣẹ́ ń kánjú, nítorí náà ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí pírúùfù ìkẹyìn. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ dé orí ẹ̀rọ, bàbá tó ń darí ẹ̀rọ, ẹni tó ti lé ní ogún ọdún nídìí rẹ̀, fa abala àkọ́kọ́ yọ. Ó gbé e sókè sí iná, ó ká a bó ṣe yẹ kí wọ́n ká a. Ojú ewé 38 kọjú sí ojú ewé 43. Ó tú u, ó tún un ká. Bákan náà ni. Ó pe súpáfáísọ̀ pé kó wá wò ó. Súpáfáísọ̀ ò wo abala ìwé. Ìfọwọ́sí ọ̀gá tó wà lára pírúùfù ló wò. Ó ní, "Bàbá, ọ̀gá ti fọwọ́ sí i." Bàbá yíjú sí mi. Èmi náà ti rí i. Mo gbójú sílẹ̀. Ni bàbá bá tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ó sì pariwo títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìwé 5,000 la tẹ̀ tí ọmọ kankan ò lè fi kọ́ ìṣirò. Lọ́jọ́ kejì tí ọ̀gá ń bínú, ó bi bàbá léèrè pé ṣé ojú rẹ̀ fọ́ ni. Bàbá ní, "Mo rí i, sà. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí pé mo lè dúró." Wọ́n gé lára owó oṣù rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Wọn ò gé tèmi, torí wọn ò mọ̀ pé mo rí i. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ò tíì kúrò létí mi.

N kò sọ pé ọ̀gá wa burú. Oṣù kì í parí kí owó wa má tíì dé. Ó mọ orúkọ ọmọ olúkúlùkù wa, bí òṣìṣẹ́ bá sì ṣòfò, òun ló máa ń kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà. Èèyàn rere tó sanwó dáadáa tó sì ń báni kẹ́dùn ni, síbẹ̀ ìwé 5,000 ṣòfò lábẹ́ rẹ̀. Ìdí ni pé àṣẹ wà lókè, ojú tó ń rí iṣẹ́ wà nísàlẹ̀, kò sì sí àtẹ̀gùn láàárín wọn. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé kí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ di alábàáṣepọ̀, kí a pín agbára, kí a jọ máa ṣe é, ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín músẹ́ ni, àti "ẹ kú iṣẹ́" ní kùtùkùtù, àti àpò ìrẹsì lọ́dún Kérésì. Mo fẹ́ ká fi ìbéèrè kan wọ̀n ọ́n: ta ló láṣẹ láti dá ẹ̀rọ dúró, kí ó sì sùn lálẹ́ láìbẹ̀rù?

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977, ọkọ̀ òfuurufú ńlá méjì forí sọ ara wọn lórí ilẹ̀ ní pápákọ̀ Los Rodeos, ní erékùṣù Tenerife tí í ṣe ti Sípéènì. Boeing 747 ni àwọn méjèèjì. Èèyàn 583 ló kú, jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú kan ò sì tíì pa èèyàn tó bẹ́ẹ̀ títí di òní. Bọ́ǹbù tó bú ní pápákọ̀ Gran Canaria ló gbé wọn dé ibi tí wọn ì bá má dé. Ìkùukùu bo ilẹ̀, ọ̀nà há, ohùn rédíò sì ń dí ara wọn lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ ló dá kún un. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wọ yàrá awakọ̀ ọkọ̀ KLM, ọkọ̀ àwọn ará Netherlands. Ọ̀gá awakọ̀ níbẹ̀, Jacob Veldhuyzen van Zanten, kì í ṣe ẹni kékeré rárá. Òun ló ń kọ́ àwọn awakọ̀ yòókù ní 747. Àwòrán rẹ̀ wà nínú ìpolówó ilé iṣẹ́ náà. Igbákejì tó jókòó tì í lọ́jọ́ náà, ọ̀gá yìí ló ṣe ìdánwò fún un kí wọ́n tó gbà á láyè láti wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá ń fẹ́ gbéra. Nígbà àkọ́kọ́ tó sún ọkọ̀ síwájú, igbákejì rán an létí pé wọn ò tíì gbàṣẹ. Ó dúró. Nígbà tó sún un lẹ́ẹ̀kejì, igbákejì ṣì wà lórí rédíò tó ń bá ilé ìṣọ́ pápákọ̀ sọ̀rọ̀, kò sì tún dá a dúró mọ́. Mélòó nínú wa ló lè tọ́ ọ̀gá rẹ̀ sọ́nà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan? Ẹlẹ́ńjìnì tó jókòó lẹ́yìn wọn gbọ́ nǹkan kan lórí rédíò tó kọ ọ́ lóminú. Ó béèrè bóyá ọkọ̀ kejì, ti Pan American, ò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá ní ó ti kúrò, ohùn rẹ̀ sì le koko bí ẹni tó dá a lójú. Ẹlẹ́ńjìnì panu mọ́. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, wọ́n ti kọlu ara wọn.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé ọkùnrin náà béèrè. Kò pariwo pé, "Ẹ dúró!" Ẹni tí kò láṣẹ máa ń fi ìbéèrè daṣọ bo ìkìlọ̀, kí ìkìlọ̀ má bàa dà bí àfojúdi. Bàbá ilé ìtẹ̀wé wa náà ò sọ pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ó ní kí súpáfáísọ̀ wá wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó ní tábìlì ńlá, ẹ gba èyí gbọ́ lẹ́nu mi: bí òṣìṣẹ́ yín bá bi yín ní ìbéèrè tó dà bí ẹni pé kò nítumọ̀, ẹ dúró ná, ẹ tú aṣọ ara ìbéèrè yẹn wò.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1978, ọkọ̀ òfuurufú ilé iṣẹ́ United kan já lulẹ̀ nítòsí Portland ní Amẹ́ríkà. Epo ló tán nínú rẹ̀, níbi tí ọ̀gá ti ń fi gbogbo ọkàn ro ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ń mẹ́nu ba epo, ṣùgbọ́n wọ́n ń mẹ́nu bà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni. Èèyàn 10 ló bá a lọ. Ní 1979, NASA pe àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú jọ láti ro ọ̀rọ̀ yìí dénú, nígbà tó sì di 1981, United bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun fún àwọn awakọ̀ rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ̀gá bí a ṣe ń béèrè àti bí a ṣe ń gbọ́. Wọ́n kọ́ igbákejì bí a ṣe ń kìlọ̀: pe ọ̀gá lórúkọ, sọ pé ọkàn rẹ ò balẹ̀, sọ ohun tí o rí, sọ ohun tí o rò pé ó yẹ ká ṣe, kí o sì béèrè bóyá ó gbà. Ìlànà ni, a ń fi kọ́ra bí ẹni ń kọ́ orin. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà kò nílò láti wá ọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa ìlànà yìí, mo pa ìwé dé, torí àwa ti ní in nílé. Bí ọmọdé bá fẹ́ pòwe níwájú àgbà, ó ní gbólóhùn tó ń lò: "Tótó, ó ṣe bí òwe o." Àgbà á sì dá a lóhùn pé, "Wàá rí òmíràn pa." Ọmọdé ò tọrọ àforíjì pé òun gbọ́n, ó kan ilẹ̀kùn, kó tó gbé ọgbọ́n rẹ̀ wọlé. Ìdáhùn àgbà ló tiẹ̀ wù mí jù. Kò ní, "Mo ti gbọ́." Ó ń gbàdúrà kí ọmọ náà tún sọ òmíràn lọ́la. Àwọn tó ní ọ̀wọ̀ Yorùbá ò jẹ́ kí ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀, mi ò mọ Yorùbá tí wọ́n ń sọ. Ọ̀wọ̀ wa ló fún ọ̀dọ́ ní ọ̀nà tó fi lè sọ̀rọ̀ láìtàbùkù àgbà. Ìgbà tí a wọ kóòtù tí a gba ọ́fíìsì lọ la gbàgbé gbólóhùn yẹn sílé, tó fi jẹ́ pé "bẹ́ẹ̀ ni, sà" nìkan ló kù lẹ́nu wa.

Ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ yẹn so èso. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 1989, ọkọ̀ DC-10 kan ti United ń ti Denver lọ sí Chicago. Ẹ́ńjìnì ìdí rẹ̀ fọ́ lókè, ó sì já gbogbo páìpù tó ń gbé òróró tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀. Ìwé ìlànà kankan ò sọ ohun tí èèyàn yóò ṣe, torí wọn ò rò pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Al Haynes ni ọ̀gá awakọ̀. Wọ́n sọ fún un pé Dennis Fitch, tó máa ń kọ́ àwọn awakọ̀, wà láàárín èrò. Ó ní kó máa bọ̀. Ó fi ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí agbára ẹ́ńjìnì méjì tó kù lé e lọ́wọ́, òun àti àwọn méjì yòókù sì ń dámọ̀ràn, wọ́n ń gbìyànjú, wọ́n ń tún un ṣe. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà dé Sioux City. Ó fọ́ nígbà tó kanlẹ̀, ó sì gbiná. Èèyàn 296 ló wà nínú rẹ̀. 112 kú, 184 yè. Àwọn awakọ̀ mìíràn wá gbìyànjú rẹ̀ lẹ́yìn náà nínú ẹ̀rọ ìdánrawò, kò ṣeé ṣe fún wọn. Títí Haynes fi kú ní 2019, ohun tó ń sọ kiri ni pé ká ní ayé àtijọ́ ni, tí ọ̀rọ̀ ọ̀gá nìkan ń ṣẹ, gbogbo wọn ì bá ti ṣègbé.

Mo ń sọ èyí fún ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń rò pé bí ẹ bá pín àṣẹ, ẹ ò ní jẹ́ ọ̀gá mọ́. Haynes ò kúrò lórí àga rẹ̀. Kò pe ìpàdé, kò ní kí èrò dìbò. Ọ̀gá ló jẹ́ délẹ̀. Ohun tó fi sílẹ̀ ni ìgbàgbọ́ pé gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú ọkọ̀ yẹn, orí òun ló wà.

Bí a bá bọ́ sílẹ̀ láti òfuurufú, ẹ jẹ́ ká dé ìdí òfì. Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn tí ẹ wà níbí, kí ni ahunṣọ ń ṣe bí òwú bá já? Ó ń dúró. Ó so ó, kó tó máa hun lọ. Bí kò bá dúró, ojú àbùkù yẹn á bá aṣọ dé ọjà, yóò sì dójú ti oníṣẹ́ níwájú ẹni tó fẹ́ rà á. Ní ilẹ̀ Japan, ọmọ káfíńtà kan tó ń jẹ́ Sakichi Toyoda ṣe ẹ̀rọ ìhunṣọ kan tó jáde ní 1924. Bí òwú kan ṣoṣo bá já, ẹ̀rọ náà á dá ara rẹ̀ dúró. Ọmọ rẹ̀ ló wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mọ́tò tí a mọ̀ sí Toyota lónìí, wọ́n sì gbé ọgbọ́n òwú tó já lọ síbẹ̀. Wọ́n na okùn kan sókè orí àwọn òṣìṣẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tí wọ́n ti ń to mọ́tò títí dé òpin rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá rí àbùkù, yóò fa okùn. Iná á tàn, agogo á dún, aṣíwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ á sáré wá bá a. Bí wọn ò bá rí i tún ṣe kí mọ́tò tó kúrò níwájú wọn, gbogbo ìlà yóò dúró. Owó gọbọi ni ìlà mọ́tò ń jẹ bó bá dúró fún ìṣẹ́jú kan, síbẹ̀ wọ́n fi àṣẹ yẹn sí ọwọ́ ẹni tó ń de bóòtù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé torí pé ará Japan ni wọ́n ló ṣe ṣeé ṣe. Ní Fremont, ní California, General Motors ní ilé iṣẹ́ mọ́tò kan tí òkìkí rẹ̀ burú. Lọ́jọ́ mìíràn, ìdá kan nínú márùn-ún àwọn òṣìṣẹ́ ni kì í wá. Òfin kan ló ga ju gbogbo òfin lọ níbẹ̀: ìlà kò gbọdọ̀ dúró. Mọ́tò tó ní àbùkù á kọjá lójú èèyàn mẹ́wàá, gbogbo wọn á jẹ́ kó lọ, wọ́n á wá tú u palẹ̀ ní àgbàlá lẹ́yìn náà. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa ní 1982. Ní 1984, Toyota àti General Motors jọ tún un ṣí, wọ́n pè é ní NUMMI. Àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ yẹn náà ni púpọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n gbà padà, lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan náà. Wọ́n kó wọn lọ sí Japan lẹ́gbẹẹgbẹ́ láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìgbà tí wọ́n padà dé, wọ́n bá okùn lókè orí tiwọn náà. Kò pẹ́ tí mọ́tò tó ń jáde níbẹ̀ fi ń bá ti Japan dọ́gba, àwọn tí wọ́n ń pe ní ọ̀lẹ sì ń wá sí iṣẹ́. Ọwọ́ kan náà ni, ìlú kan náà, ògiri kan náà. Àṣẹ ló yí ibùjókòó padà. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ yẹn ní 2010 (Tesla ló wà níbẹ̀ báyìí), ṣùgbọ́n ohun tó fi hàn kò tíì kú.

General Motors gbìyànjú láti gbé e lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀ yòókù, kò sì tètè wọlé. Okùn kò wọ́n láti rà, ẹnikẹ́ni ló lè nà án sókè. Bí òṣìṣẹ́ bá fà á tí súpáfáísọ̀ sì lejú mọ́ ọn, okùn ọ̀ṣọ́ lásán ni. Àpótí àbá tí a gbé sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wa, tí ẹnikẹ́ni ò ṣí láti ọdún mẹ́ta, okùn ọ̀ṣọ́ ni òun náà.

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ kàn yín gan-an, ẹ̀yin alájẹṣẹ́kù. Ní ọdún tó kọjá, mo jókòó níbi ìpàdé ẹgbẹ́ kan bíi tiyín. Lẹ́yìn tí akápò ka ìwé owó tán, mẹ́gàádì ilé iṣẹ́ náà dìde. Akápò yẹn, ọ̀gá ni ní ẹ̀ka owó; láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, mẹ́gàádì yìí ló ń ṣí géètì fún un tó sì ń gba àpò rẹ̀. Ọkùnrin náà mú ìwé ìṣirò dání, ó fi ìka lé ìlà kan, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Lọ́dún tó lọ, owó ìpápánu jẹ́ 60,000 náírà. Báwo ló ṣe di 140,000 lọ́dún yìí?" Gbọ̀ngàn dákẹ́. Akápò ò bínú. Ó ṣàlàyé pé ìpàdé pọ̀ sí i, ó ka iye wọn. Mẹ́gàádì dúpẹ́, ó jókòó. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ó tún ṣí géètì, ó tún gba àpò, ayé ò bàjẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi pé, kí ló dé tí ọkùnrin yìí fi jẹ́ ọlọ́gbọ́n lọ́jọ́ Sátidé tí a sì ń ṣe bí ẹni pé kò lórí lọ́jọ́ Ajé? Inú ilé iṣẹ́ kan náà la wà, àwọn èèyàn kan náà sì ni. Nínú ẹgbẹ́, owó rẹ̀ wà níbẹ̀, ìbò rẹ̀ wà níbẹ̀, ìwé sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo nínú gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ahunṣọ àtàwọn oníṣẹ́ ọwọ́ 28 tó ṣí ṣọ́ọ̀bù kan ní Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1844, tálákà ni wọ́n. Ìlànà wọn pé ẹnìkan, ìbò kan, ló di gbòǹgbò ẹgbẹ́ bíi tiyín káàkiri ayé. Òfin rẹ̀ dé Nàìjíríà ní 1935, àwọn àgbẹ̀ kòkó wa sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dì í mú. Ní 1953, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti dá báńkì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn.

Kí òfin tó dé la ti ń ṣe àárò. Ẹni tó bá ni oko lónìí ni ọ̀gá lónìí: òun ló ń sọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀, bí ebè yóò ṣe ga tó, ìgbà tí a ó sinmi jẹun. Lọ́la, a ó lọ sí oko ẹlòmíràn, ọ̀gá òní yóò sì gbọ́ràn sí ẹni tó gbọ́ràn sí i lónìí lẹ́nu. N kò tíì rí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀gá tó dára ju ìyẹn lọ. Ẹni tí o mọ̀ pé o ń bọ̀ wá tẹ̀lé àṣẹ rẹ̀ lọ́la, o ò ní pàṣẹ wèrè fún un lónìí, torí ọjọ́ tìrẹ náà ń bọ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n gbé ọgbọ́n alájẹṣẹ́kù wọ inú iṣẹ́ gan-an. Ní 1941, àlùfáà ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ José María Arizmendiarrieta dé Mondragón, ní ilẹ̀ Basque ní àríwá Sípéènì. Ogun abẹ́lé ti sọ ìlú náà di aláìní. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ló kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní 1943. Nígbà tó di 1956, márùn-ún nínú àwọn tó kọ́ dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n ń ṣe sítóòfù. Òṣìṣẹ́ ló ni ín, òṣìṣẹ́ ló ń dìbò yan àwọn tó ń darí rẹ̀, ìbò ẹni tó ń gbálẹ̀ kò sì kéré sí ti ọ̀gá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, owó ẹni tó ń gbà jù kò gbọdọ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta ti ẹni tó ń gba kékeré jù. Wọ́n dá báńkì tiwọn sílẹ̀ ní 1959. Lónìí, nǹkan bí 70,000 èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ orúkọ yẹn. Ọ̀nà wọn ò tẹ́jú o. Òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1974, wọ́n sì lé àwọn kan. Nígbà tó di 2013, Fagor, tó hù jáde láti inú ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, wó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó wó, àwọn ilé iṣẹ́ yòókù nínú ẹgbẹ́ gba púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ fi wé ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ bá wó lọ́dọ̀ wa, tí òṣìṣẹ́ á kà á lára géètì pé kó má wọlé mọ́.

Jámánì gba ọ̀nà òfin. Láti 1951, nínú iṣẹ́ èédú àti irin, ìdajì ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ àwọn máníjà ló jẹ́ ti òṣìṣẹ́. Òfin 1976 sì ní kí gbogbo ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ju 2,000 lọ fi ìdajì àga ìgbìmọ̀ náà fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ìbò bá dọ́gba, alága, tó sábà máa ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó lówó níbẹ̀, ló ń já a. Jámánì ò tìtorí èyí kógbá iṣẹ́ wọlé.

Àwọn kan á ní, "Ọba kì í pé méjì láàfin." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọba ò dá nìkan wà ní Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ọ̀yọ́ Mèsì méje wà níbẹ̀, Baṣọ̀run ló ṣáájú wọn, wọ́n sì lè kọ Aláàfin tó bá gba ìlú mọ́ ará ìlú lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ dé ìdí: agbára yẹn náà bàjẹ́ nígbà tó bọ́ sọ́wọ́ Baṣọ̀run Gáà, láti 1754 títí di 1774, tó fi ń yọ ọba tó sì ń fi ọba jẹ bó ṣe wù ú, kí Aláàfin Abíọ́dún tó ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ yín nìyẹn. Olórí ẹgbẹ́ tó ti lo ọdún mẹ́rìnlá láìdìbò, tó ń bá máníjà jẹun nínú yàrá, kò bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè tí mo gbé wá. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀gá gbọ́dọ̀ rí ẹni tó ń ṣọ́ òun náà.

Gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin ọ̀gá kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀ bí ẹ ò bá ní ṣe é dé òpin: "Ẹbí kan ni wá níbí." Ìgbà tí mo sábà máa ń gbọ́ ọ ni ìgbà tí iṣẹ́ bá fẹ́ wọ alẹ́ tí wọn ò sì fẹ́ sanwó rẹ̀. Nínú ẹbí, ẹni tó bá bá wa ro oko kì í jókòó síta lọ́jọ́ tí a bá ń pín ogún. Bí ẹbí bá ni wá, ẹ jẹ́ ká rí ìwé owó. Bí ẹ ò bá lè fi ìwé hàn wá, ẹ pè wá ní òṣìṣẹ́, kí ẹ sì san owó alẹ́ yẹn. Ìyẹn náà ní ọlá tirẹ̀.

Mo ń ro ti àwọn mẹkáníìkì àti télọ̀ wa náà. Ọmọ iṣẹ́ ń kúnlẹ̀ fún ọ̀gá, ó ń fọ aṣọ rẹ̀, ó ń gba ìbáwí. Ó lè le gan-an, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti wọlé ni wọ́n ti mọ ọdún tí yóò gba fírídọ̀ọ̀mù. Lọ́jọ́ náà, ọ̀gá á gbàdúrà fún un, á fi irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn, òun náà á sì di ọ̀gá. Wọ́n kọ́ ìtẹríba yẹn láti parí ni. Akọ̀wé tó ti lo ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ní ọ́fíìsì, ọjọ́ wo ni fírídọ̀ọ̀mù tirẹ̀? Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì?

Ọ̀gá kan bi mí láìpẹ́ yìí pé níbo ni kí òun ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó mú iṣẹ́ kan, ẹyọ kan péré, bóyá bí a ṣe ń to ọjọ́ ìsinmi, bóyá bí a ṣe ń ra ohun èlò, kó fi owó rẹ̀ han àwọn tó ń ṣe é, kó sì jẹ́ kí ìpinnu wọn dúró, kódà bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo tún sọ fún un pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnì kan yóò dá ẹ̀rọ dúró láìnídìí. Yóò rò pé òun rí àbùkù, kò sì ní sí àbùkù níbẹ̀. Owó yóò ṣòfò. Gbogbo ilé iṣẹ́ yóò dúró láti wo ojú ọ̀gá ní ọjọ́ yẹn. Bó bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà, wọ́n á gbà pé òótọ́ ni. Bó bá bú u, kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó lè tún un ṣe mọ́.

Fún àwa òṣìṣẹ́, mi ò ní ìtùnú láti fún wa. Bí wọ́n bá fi okùn lé wa lọ́wọ́, a gbọ́dọ̀ fà á, a ò sì ní lè sọ mọ́ pé àwọn ọ̀gá ló fà á. Lọ́jọ́ tí ojú ewé 38 kọjú sí 43, bàbá yẹn pe súpáfáísọ̀, ó kéré tán. Èmi ni mo gbójú sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó di ẹnu mi mú.

Mo rí i pé akápò ti ń ṣí ìwé rẹ̀, mo sì rí arábìnrin kan lẹ́yìn lọ́hùn-ún, nítòsí fèrèsé, tó ti fi bírò fa ìlà sídìí nǹkan nínú tirẹ̀. Ẹ gbé máìkì yìí fún un.